Bí A Ṣe Sọ Ọkọ̀ Ojú Omi Kalẹ̀ ní Òkèrèwè

Edunabon ni mo ti kọ́kọ́ fojú kan ọkọ̀ náà, mo sì bá àwọn èèyàn fi ẹni tó ni ín ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa kí n tó mọ ẹni tó jẹ́.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, ní Ìpetumodù. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí a ti jáde níléèwé, mo yà ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Edunabon, mo sì wọ takisí tó ń lọ sí Ifẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí a fi bá ọkọ̀ ojú omi lórí títì. Jíìpù dúdú kan ló ń fà á lọ lórí tírélà kékeré kan, ọkọ̀ náà sì fẹ̀ débi pé àwọn ọlọ́kadà ń sá wọ inú koríko fún un. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pèpéle. Páìpù ràgàjì méjì tó ń dán bíi ṣíbí tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú wọn, òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà rì. Lórí pèpéle yìí, wọ́n to àga aláwọ funfun yípo, wọ́n fi irin ṣọgbà yí i ká. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan gbé pálọ̀ rẹ̀ jáde kúrò nílé, tó ń gbé e lọ fi han ìyá rẹ̀.

Onítakisí béèrè lọ́wọ́ wa pé odò wo ni wọ́n ń gbé e lọ. Obìnrin tó jókòó tì mí ní kò ní ju òṣèlú lọ, pé wọ́n ti pín ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn tí kò ní iná, wọ́n ti pín ajílẹ̀ fún àwọn tí kò lóko, ó wá ku kí wọ́n pín ọkọ̀ ojú omi fún àwọn tí kò lódò. Bàbá tó wà níwájú ní bóyá ẹni náà ti gbọ́ nípa ìkún omi kan tí àwa kò tíì gbọ́. Èmi náà ò dákẹ́. Mo ní ẹni tó bá gbé ọkọ̀ omi wọ Ifẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà ná kí wọ́n tó mú un lọ rí odò. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn, torí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, tí mo fẹsẹ̀ rìn wọ Òkèrèwè, ìdí ọkọ̀ náà ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa. Ẹni tó dúró tì í, tó na ọwọ́ méjèèjì sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí a rò pé ó wà ní Àmẹ́ríkà.

Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ kú ilé. Ẹ wá wo ohun tí mo rà fún yín.”

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́. Ìyàwó ilé ni mí, n kò lè pè é lórúkọ, àdàpè tí mo fún un sì dùn jù láti kọ sínú ìwé. Ó ti lò ju ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ lókè òkun, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọlọ́wọ́ fífún ni, àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni ètò. Kò sí ìgbà tó máa pè wá tí kò ní í ní ètò tuntun. Ó ti ní ká máa sin ìgbín rí, ìgbín náà sì rìn lọ. Ó ti ní ká máa gbin olú sínú yàrá, olú hù lóòótọ́, àmọ́ ara ògiri ló hù sí. Ọkọ mi, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ló máa ń mú gbogbo ètò wọ̀nyí ṣe nílé, torí pé òun ló dúró ti ìyá wọn. Òun náà ló dúró ti ilé tí à ń gbé, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fowó ránṣẹ́ láti kọ́. Ilé náà ní òpó mẹ́rin níwájú, wọ́n sanra bí ìdí ìrókò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló rí irú wọn níwájú ilé ẹjọ́ kan lọ́hùn-ún. Kò sí ilé mìíràn ní àdúgbò wa tó ní irú rẹ̀. Àlejò tó bá dé á kọ́kọ́ kí òpó kí ó tó kí wa.

Ètò ti ìgbà yìí ni pé kí àwọn àlejò tó bá wá wo Ifẹ̀ máa rí ibi ìnajú lórí omi. Mo rọra bi í pé omi wo ni, bọ̀dá. Ó ní adágún omi ńlá wà nítòsí, òun ti wò ó lórí fóònù láti ọ̀hún, ó lẹ́wà púpọ̀. Mo mọ omi náà, òun là ń mu. Mo bi í bóyá ó ti bá àwọn tó ń ṣọ́ ọ sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé lòun ń lọ, pé inú wọn á dùn. Báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe la òkun kọjá nínú kọntéénà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá omi wà fún un níbi tó ń lọ.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú ni pé tírélà kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó ló yá a, pẹ̀lú jíìpù àti awakọ̀, ó sì fẹ́ gba nǹkan rẹ̀ padà kíákíá. Awakọ̀ ní òun ò lè kọjá ọjọ́ Sátidé. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, omi ò báà má sí.

Tí ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ kúrò lórí tírélà, etí omi ni wọ́n máa ń tì í lọ, omi á gbé e, tírélà á jáde. Ìyẹn ò ní wàhálà. Àmọ́ kò sí omi ní agboolé wa àfi èyí tó wà nínú ọ̀rá àti inú kànga, kànga náà sì ti ń gbẹ.

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó gbálẹ̀ tán, gbogbo ọkùnrin àdúgbò ti pé. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Olórí ẹbí wa dé pẹ̀lú filà àti ọ̀pá. Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé dé pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó sì kéde pé níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti di ti àdúgbò, òun ni yóò darí iṣẹ́. Olórí ẹbí ní ọ̀rọ̀ ilé kì í di ti àdúgbò lójú òun. Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi gbà pé alága ni yóò máa darí, olórí ẹbí ni yóò sì máa fọwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì sí wa, mú bébà wá, ó ti ya ọkọ̀ náà láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti abẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pọ̀, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń mi orí fún un, wọ́n ń wo ibòmíràn.

Pásítọ̀ àdúgbò wa gbàdúrà, ààfáà sì ṣe dùà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, àfi pé àdúrà tí wọ́n mọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi ni àwọn méjèèjì gbà. Wọ́n ní ìgbì kò ní bì í ṣubú. Wọ́n ní ẹ̀fúùfù kò ní gbé e lọ síbi tí kò fẹ́. Wọ́n ní kò ní rì. Gbogbo wa ṣe àmín nínú eruku, ẹsẹ̀ wa funfun.

Ìyá ọkọ mi jókòó lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, lábẹ́ òpó, ó ń wò wá. Alága ní kí a gbé màmá kúrò níbẹ̀, kí wọ́n má bàa fara pa. Mo bá gbé àga wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò dá lóhùn mọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fọwọ́ gbé e. Alága pín wọn sí apá ọ̀tún àti apá òsì, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Apá ọ̀tún gbé e ní ẹ̀ta, apá òsì gbé e lẹ́yìn ẹ̀ta. Ọkọ̀ náà fì síhìn-ín, ó fì sọ́hùn-ún, wọ́n sì dá a padà. Apá òsì ní apá ọ̀tún ti kánjú. Apá ọ̀tún ní apá òsì kò jẹun. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n tún jà, lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè omi.

Alága wá dá ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí a to táyà àlòkù sẹ́yìn tírélà, kí a fi okùn so ọkọ̀ náà mọ́ ohun tí kò lè mira, kí awakọ̀ wá fa tírélà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ọkọ̀ á yọ̀ bọ́ sórí táyà jẹ́jẹ́. Olórí ẹbí fọwọ́ sí i. Wọ́n wá ń wo ohun tí wọn yóò so ó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fọwọ́ gbá òpó kan níwájú ilé bí ẹni gbá ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Ó ní èyí ńkọ́. Ó ní owó tóun rán fún irin inú òpó wọ̀nyí nìkan tó láti fi kọ́ ilé mìíràn.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó ní igi máńgòrò ló dára jù, torí pé igi ní gbòǹgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní igi náà ò sí níhà tó yẹ. Ọkọ mi tún sọ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá kò fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Mo wo ojú ọkọ mi, mo rí i pé ó ti funfun, àmọ́ mo rò pé eruku ni.

Wọ́n so okùn. Awakọ̀ tẹ iná mọ́tò. Okùn le tantan. Ọkọ̀ náà sún díẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ jí, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni òpó ti kán ní àárín. Ìdajì ìsàlẹ̀ bá okùn lọ, ìdajì òkè rọ̀ sára òrùlé fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ó wó lulẹ̀, síbi tí ìyá ọkọ mi máa ń jókòó sí gan-an.

Kò sí ẹni tó fara pa. Ilé náà kò tilẹ̀ mira. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé òpó náà kò gbé nǹkan kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, a rí inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ló wà lóde, iyanrìn ló wà nínú, pẹ̀lú àfọ́kù ìgò àti irin kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irin agbòjò. Àpò sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àpò náà nìkan ni, sìmẹ́ńtì kò sí nínú rẹ̀.

Mi ò tíì rí ibi tí èrò ti tú ká báyẹn rí. Pásítọ̀ rántí pé òun ní ìsìn ìgbéyàwó. Àwọn ìgbìmọ̀ alága rántí ilé wọn. Alága fúnra rẹ̀ ní òun ń lọ wá okùn tó yi ju èyí lọ, kò sì padà. Ó ku àwọn ará ilé, awakọ̀, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n lábẹ́ igi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu iyanrìn náà, ó jẹ́ kó máa yọ́ jò láàárín ìka rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Irin dà?”

Ọkọ mi sọ pé ọdún tí wọ́n ń mọ òpó ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, òun kò sì fẹ́ fi ìrònú kún ìrònú rẹ̀. Owó irin ló lọ sílé ìwòsàn.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo tún mọ̀ pé ọdún náà la ra tẹlifíṣọ̀n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì, pàápàá tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n náà lálaalẹ́.

Ìyá wọn fọwọ́ kan inú wọn níbi tí dókítà ti là á, wọ́n ń wo ọkọ mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tí ìwòsàn wọn ná ilé náà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Ọkọ mi ní, “Ẹ̀yin náà ò sọ fún wa pé ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ omi wálé.”

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ di èjìká wọn mú. Awakọ̀ bá wọn rín in, Ọ̀jọ̀gbọ́n bá wọn rín in. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbìyànjú láti bínú, kò rọrùn fún un. Ó jókòó sórí ìdajì òpó, ó ń gbọn orí.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, màmá ní kí àwọn ọmọ wọn wá gbọ́. Wọ́n ní gbogbo àárọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, pé àwọn gbọ́ ọ, torí pé kò sí ohun mìíràn táwọn ń ṣe.

Wọ́n ní, “Wọ́n ní kí ẹ má gbé ọkọ̀ kúrò lórí tírélà. Kí ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ páìpù méjèèjì, kí ẹ wá fa tírélà kúrò lábẹ́ ọkọ̀.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, pé ó wà lórí bébà kejì. Ó fi hàn wá. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó yà á dáadáa, ó tilẹ̀ ya èèyàn kan tó dúró tì í tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Jáàkì kan wà nínú jíìpù, mo lọ yá méjì sí i lọ́wọ́ fọkanáísà ní ìkóríta. Búlọ́ọ̀kù kò wọ́n wa, òpó ti pèsè rẹ̀. Tírélà náà tín-ín-rín, àárín páìpù méjèèjì ló wà, nítorí náà ààyè wà lábẹ́ páìpù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọkọ mi tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sùn sórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òun ló ń ti búlọ́ọ̀kù àti pákó sí abẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fi jáàkì gbé e. Wọ́n á gbé iwájú sókè díẹ̀, wọ́n á ki pákó sí i, wọ́n á lọ sẹ́yìn. Èmi ń gbé búlọ́ọ̀kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀, à ń gbọ́ ọ wàyí. Olórí ẹbí ń fọwọ́ sí i.

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbé e. Ó tó. Rọra. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀ mo rí i pé bí ọ̀kan bá na ọwọ́, èkejì ti mọ ohun tó fẹ́ gbà.

Nígbà tí ọkọ̀ náà ti kúrò lára tírélà, tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba àárín wọn, awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa jíìpù lọ síwájú, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń rìn lójú oorun. Ó kù díẹ̀ kí tírélà jáde tán ni búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn lápá òsì dún, ó sì là. Búlọ́ọ̀kù òpó náà ni, kí la fẹ́ retí. Ọkọ̀ fì sí apá ibi tí ọkọ mi sùn sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju ara rẹ̀ sí ìdí jáàkì, ó ń yí i bí ẹni wèrè, ó ń sọ fún un pé kó jáde, kó fi pákó náà sílẹ̀. Ọkọ mi ò jáde. Ó ti pákó méjì tó nípọn wọlé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó yí gbirigbiri kúrò. Ọkọ̀ jókòó sórí rẹ̀. Tírélà jáde.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fa àbúrò rẹ̀ dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó gbọ̀n ọ́n fún ìgbà pípẹ́, àní títí eruku fi tán. Ó wá ní, “Bí o bá kú sábẹ́ ọkọ̀ omi ní Òkèrèwè, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn?”

Ọkọ mi ní, “Ẹ sọ pé mo rì.”

Olórí ẹbí gbàdúrà ọpẹ́, ó dúpẹ́ pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, alága padà dé pẹ̀lú okùn, ó wo iṣẹ́ náà yípo, ó sì ní bí òun ṣe ní kí a ṣe é gan-an nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ròyìn níbi ìpàdé àwọn onílé pé ẹgbẹ́ àwọn ló sọ ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Òkèrèwè, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ rí àwọn tó ń ṣọ́ adágún omi. Wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní àga, wọ́n sì sọ fún un pé omi mímu kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ó béèrè bóyá ó ṣeé ṣe bí kò bá tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe bí ó bá tilẹ̀ fi ọwọ́ wà á. Ó padà wálé, ó ra irin gidi àti sìmẹ́ńtì, òun àti ọkọ mi sì jókòó ti bíríkìlà títí ó fi mọ òpó tuntun tán. Wọn ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ jẹun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó kù díẹ̀ kó padà sí Àmẹ́ríkà ni ìyá ọkọ mi ní kí a gbé àwọn gun ọkọ̀ náà. A to àpótí bí àtẹ̀gùn. Wọ́n jókòó sórí àga funfun, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó rọ̀ ju ti ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí àwọn tó ń wọkọ̀ omi máa ń wọ̀ kí wọ́n má bàa rì, ó wọ̀ ọ́ fún wọn, ó di bẹ́líìtì rẹ̀. Wọn ò bi í pé kí ni ìwúlò rẹ̀. Òun náà jókòó tì wọ́n. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń wo àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì, màmá ń sọ ẹni tí olúkúlùkù jẹ́ fún un, torí pé ó ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì ti kú.

Ó ti padà lọ báyìí. Ọkọ̀ ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni màmá ti ń gba àlejò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n yá ilé ládùúgbò máa ń wá ya fọ́tò níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ojú wọn á sì dà bí ẹni pé èbúté ni wọ́n wà. Ìpàdé ẹbí náà ti kó lọ síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Àga awakọ̀, tó wà níwájú, tó máa ń yí bírí, ló kù tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Olórí ẹbí ní tòun ni. Alága àwọn onílé, tí kì í ṣe ọmọ ilé wa rárá, ní tòun ni, nítorí iṣẹ́ tóun ṣe. Nípàdé tó kọjá, àwọn méjèèjì jọ gúnwà sórí rẹ̀, ìdajì ìdí kan lọ́tùn-ún, ìdajì ìdí kan lósì, kò sí èyí tó lè yí i.